Oró ẹran òkun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀: ìdáhùn sí ìyá kan ní Òkè Àró

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún àṣekágbá ní FUTA. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí tí òun fẹ́ fi jáde dá lórí oró ẹran inú òkun kan tó dà bí òdòdó, tí wọ́n ń pè ní sea anemone, pé oró yẹn máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ni n kò ti sùn dáadáa mọ́. AS ni ọmọ yìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà nílé, SS ni. Ṣé bí oró yìí bá kàn án lára, kò ní jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán? Ṣé kò lè gbé e wálé bá àbúrò rẹ̀? Mo ti ń fún un ní àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lágbára. Àbí kí n ní kó lọ yí iṣẹ́ náà padà ni?" Ìyá kan, Òkè Àró, Àkúrẹ́.

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń dùn yín lọ́kàn ni pé oró yìí ń jẹ ẹ̀jẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi, pé bó bá ti kan ènìyàn báyìí, yóò máa jẹ ẹ́ lọ títí yóò fi tán, yóò sì tún ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí oríṣiríṣi ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, láti orí ibà dé orí káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ. N kò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ bí oró yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ibi tí ẹ ń wò kọ́ ni ewu wà.

Ẹ̀dá tí ọmọ yín ń sọ, tí èmi yóò máa pè ní anẹ́mónì, ẹran ni, kì í ṣe òdòdó. Ó máa ń fi ìdí lẹ̀ mọ́ àpáta lábẹ́ omi òkun, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yí ẹnu náà ká. Ìbátan jẹ́lífíìṣì ni, ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń ta àwọn apẹja lọ́wọ́ bíi wèrèpè bó bá kó sínú àwọ̀n wọn. Lára ọwọ́ rẹ̀ ni àpò kéékèèké wà tí ojú lásán kò lè rí, okùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó sì ká jọ sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹja kékeré tàbí edé bá fara kàn án, àpò á ṣí, okùn á ta jáde bí ọfà, á gún un, á sì tú oró sí i lára. Oúnjẹ ló ń wá, ó sì ń gbèjà ara rẹ̀. Kò bá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jà.

Ẹ kíyè sí i pé oró ni mo ń pè é, n kò pè é ní májèlé. Májèlé ni ohun tí ènìyàn jẹ tàbí tó mu tó sì ṣe é léṣe. Oró ni ohun tí ẹran fi gún ni, bíi ti ejò, ti àkeekèé, ti agbọ́n. Àwọn baba wa tó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì, àwọn ènìyàn ń yí irú anẹ́mónì kan nínú ìyẹ̀fun, wọ́n ń dín in nínú òróró, wọ́n sì ń jẹ ẹ́, ara wọn sì le. Purotéènì ni oró náà, bí ẹyin ṣe jẹ́ purotéènì. Bí iná ṣe ń sọ ẹyin di líle, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ba oró yìí jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 5. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàárín lójú méjèèjì, bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun pípò. Hẹmoglóbìn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìyẹn ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú káàkiri ara. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe awọ tó bò ó, ìpele méjì. Ní òde awọ yẹn, omi oníyọ̀ ni; nínú rẹ̀, iyọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú hẹmoglóbìn. Tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ kí iyọ̀ ti inú àti ti òde má bàa dà pọ̀, torí ibi tí nǹkan bá ti ki jù ni omi ń sá lọ.

Oró tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú àwọn anẹ́mónì, actinoporin ni orúkọ ìdílé wọn. Èyí tí wọ́n ń rí lára Actinia equina, tó wà ní etí òkun Yúróòpù, ń jẹ́ equinatoxin. Èyí tó wà lára Stichodactyla helianthus, tí àwọn onímọ̀ ní Kúbà ti ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an, ń jẹ́ sticholysin. Ọmọ yín á mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n kéré gan-an: hẹmoglóbìn kan wọn tó bíi mẹ́ta nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wà nínú omi, kálukú ń dá rìn. Bí wọ́n bá bà lé awọ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tó ń wá ara wọn rí. Wọn á dara pọ̀ yí ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti ìdí kan rẹ̀ tó rí bí èèkàn wọnú ọ̀rá awọ náà, àárín wọn á sì di ihò. Ní 2015, àwọn onímọ̀ gbé àwòrán ihò bẹ́ẹ̀ jáde láti ara Actinia fragacea, mẹ́jọ ló pagbo níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó báyìí: bí sẹ́ẹ̀lì pupa kan bá fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù láti ẹnu góòlù kan dé èkejì, ihò náà kò ju ibi tí ìka méjì lè gbà lọ.

Ihò bíńtín yẹn kọ́ ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: omi ló ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, oró kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ẹ mú gàrí gbígbẹ, ẹ rọ ọ́ kún lailọ́ọ̀nù tínrín kan, ẹ so ó le, ẹ fi abẹ́rẹ́ dá a lu níbi bíi méjì mẹ́ta, kí ẹ wá rì í sínú omi. Omi á gba ojú ihò wọlé. Gàrí kò lè gba ibẹ̀ jáde, torí ó tóbi ju ihò lọ. Gàrí á máa fa omi, á máa wú, lailọ́ọ̀nù á máa nà, títí yóò fi bẹ́. Hẹmoglóbìn ni gàrí yẹn. Iyọ̀ kéékèèké lè gba inú ihò kọjá, inú àti òde á sì wá dọ́gba ní ti iyọ̀, ṣùgbọ́n hẹmoglóbìn tóbi jù, kò lè jáde. Nítorí náà inú ṣì ki ju òde lọ, omi á máa rọ́ wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó rí pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ á di roboto bí bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà á bẹ́, pupa inú rẹ̀ á sì tú sínú omi.

Báwo la ṣe mọ̀ pé omi ni, tí kì í ṣe pé oró náà ń ya awọ? Ìdánwò kan wà tó máa ń wú mi lórí títí di òní. Wọ́n á fi oró sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kọ́kọ́ po ohun kan mọ́ omi ìta, ohun tó yòrò dáadáa àmọ́ tó tóbi ju ẹnu ihò lọ. Òde náà á wá ki bí inú ṣe ki. Omi kò ní ìdí láti rọ́ wọlé mọ́. Ihò wà lára sẹ́ẹ̀lì, oró wà níbẹ̀, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kò bẹ́. Bí wọ́n bá lo ohun tó kéré tó lè gba ojú ihò kọjá, ààbò yẹn kò sí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́ ni. Ọ̀nà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi díwọ̀n bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó rí àwòrán rẹ̀.

Èmi fúnra mi kọ́ ẹ̀kọ́ omi yìí lọ́nà tó korò. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí n fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan kí a lè wá ẹni tó bá wọn mu. Omi iyọ̀ ló yẹ kí n lò, èyí tí gíráàmù 9 iyọ̀ wà nínú lítà kan. Omi tí kò ní iyọ̀ rárá ni mo gbé. Kí n tó yíjú padà, gbogbo túùbù ti mọ́ gaara, ó pupa bíi zobo, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀. N kò fi oró kankan sí i. Omi lásán ni. A ní láti padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ara wọn kò yá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó láti fi tọrẹ. Mi ò gbàgbé ojú ìyá rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tó kan ọ̀rá, ó sì ṣe pàtàkì fún ọmọ yín. Oró yìí kì í bà lé awọ kan ṣáá. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ sphingomyelin ló ń wá. Ní 1976, Bernheimer àti Avigad ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ènìyàn bá kọ́kọ́ po oró náà pọ̀ mọ́ sphingomyelin, agbára rẹ̀ á pin: ó ti rí ohun tó ń wá, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́. Sphingomyelin yìí kò pọ̀ bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran. Nínú àwọn ọ̀rá pàtàkì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì pupa, ti àgùntàn àti ti ewúrẹ́ tó nǹkan bí ìdajì, ti ènìyàn tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan, ti ẹṣin kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó lè mú kí ìwọ̀n oró kan náà má ṣe ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran bákan náà. Bí ọmọ yín bá ń gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn alápatà, kó mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ewúrẹ́ kéré gan-an, kò sì lágbára níwájú omi láti ilẹ̀ wá. Kó máa gbé túùbù kan tí kò ní oró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ka ẹ̀ṣẹ̀ omi sí oró lọ́rùn.

Ìbéèrè tó kù ni pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ló rọrùn láti wò. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa kò bá tíì bẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ yí túùbù náà gbirigbiri, pupa á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á mọ́ bí omi òjò. Bó bá ti bẹ́, pupa á wà nínú omi òkè, ẹ̀rọ á sì ka bí ó ṣe pọ̀n tó. Èèyàn kò nílò ju ìyẹn lọ láti mọ̀ bóyá oró lágbára. Òmíràn ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní kóró nínú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ní kóró lè gé ibi tó dá lu kúrò, kí wọ́n sì fi awọ mìíràn dí i bó bá jẹ́ ihò díẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú u sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan tó bá gbé wá ni yóò lò fún nǹkan bí 120 ọjọ́ tó fi wà láyé. Òun ló rọrùn jù láti bẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń dán oró wò. Èyí kò sọ pé òun ni oró náà ń lé kiri nínú ara ènìyàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú túùbù yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn, ibí yìí gan-an ni ìbẹ̀rù yín ti ṣì. Nínú túùbù, oró àti ẹ̀jẹ̀ jọ wà lójú kan ni, kò sí awọ ara láàárín wọn. Ní ara ọmọ yín, awọ tó nípọn wà, ẹran wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn kọjá. Ara àgbàlagbà ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun tó tó mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oró díẹ̀ tó kán sí ọwọ́ tí kò ní egbò kò ní rí ẹ̀jẹ̀ débi pé yóò fọ́ ọ. Ẹni tí anẹ́mónì bá ta nínú òkun, ohun tó sábà máa ń rí ni kí ojú ibẹ̀ pọ́n, kó máa ta á, kó máa yún un, kó lè lé ròrò, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kó lọ. Àwọn irú kan wà ní òkun Éṣíà tí oró wọn lè ba kíndìnrín jẹ́, n kò fi ìyẹn pa mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìtasára nínú òkun nìyẹn, kì í ṣe oró táṣẹ́rẹ́ inú túùbù.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo ń bẹ̀rù nínú oró yìí, n kò ní dárúkọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Ara tó bínú ni màá dárúkọ. Ní nǹkan bí 1901, Charles Richet àti Paul Portier, ará Faransé, wọ ọkọ̀ ojú omi ọba Mònákò lọ wádìí oró ẹran òkun. Nígbà tí wọ́n padà dé Párísì, oró anẹ́mónì ni wọ́n wá ń fún àwọn ajá. Wọ́n rò pé bí ajá bá gba díẹ̀ tí kò kú, ara rẹ̀ á mọ oró náà lára, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ajá tó gba díẹ̀ kò kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún fún un ní ìwọ̀nba kékeré lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kíákíá ni mímí di ìṣòro fún un, ó ń bì, ó sì kú láìpé wákàtí kan. Ara ti mọ oró náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá tí ó ti ń dè ló ṣe mọ̀ ọ́n, ìjà náà ló sì pa á. Orúkọ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí ní 1902 ni anaphylaxis, Richet sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1913. Òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀pà tàbí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọmọ yín ni pé: ṣé ó ní ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní asthma? Ṣé edé tàbí akàn máa ń mú kí ara rẹ̀ wú? Ṣé láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, imú rẹ̀ ń ṣomi tàbí ojú rẹ̀ ń yún un bó bá ti wọ láàbù? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ fún olùkọ́ tó ń bojú tó o kó tó di ọ̀la.

Ní ti AS, ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ènìyàn bíi 1 nínú 4 ló jẹ́ AS láàárín wa. Ìyàtọ̀ tó mú AS wá, inú hẹmoglóbìn ló wà, kò sí nínú ọ̀rá awọ tí oró yìí ń wá. Sẹ́ẹ̀lì AS kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un ju ti AA lọ. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ SS, ọ̀ràn tirẹ̀ yàtọ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kò pẹ́ láyé, ó lè má ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó lè fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n oró kì í ṣe kòkòrò. Kì í bímọ, kì í dàgbà, kì í fò láti ara ènìyàn kan dé ara ẹlòmíràn bí àrùn. Iye tó bá wà nínú ìgò náà ni iye tó wà. Kí ọmọ yín fọ ọwọ́ kó tó kúrò níbẹ̀, kó fi kóòtù funfun rẹ̀ sílẹ̀ ní láàbù, kó má gbé e wálé kó wá po ó mọ́ aṣọ àbúrò rẹ̀ nínú abọ́ ìfọṣọ. Ó tán.

Nípa àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Irin jẹ́ ohun tí ara fi ń ṣe hẹmoglóbìn, ó wúlò fún ẹni tí irin rẹ̀ kò tó. Kì í ṣe ìhámọ́ra. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tí ẹ ń rọ irin sí lára kò ní ní awọ sẹ́ẹ̀lì tó le ju ti ẹlòmíràn lọ. Fún ọmọ SS, ó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lẹ́ẹ̀mélòó kan, irin lè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Folic acid ni dókítà sábà máa ń fún wọn, ẹ má sì fi irin kún un láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ti àgbo, n kò bú u, ìyá mi sè é fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ewé àti èèpo kan wà tó ń hó bí ọṣẹ bí a bá gbo wọ́n nínú omi. Ohun tó ń mú wọn hó yẹn, bí a bá kán an sínú túùbù ẹ̀jẹ̀, ó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa gẹ́gẹ́ bí oró tí ẹ ń bẹ̀rù. Ikùn kì í sábà jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń mu ún tí a kò kú. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ọ̀ràn túùbù àti ọ̀ràn ara, méjì ni.

Ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò jìnnà tó òkun. Ibà ni olórí wọn. Kòkòrò ibà ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, á jẹun níbẹ̀, á bí sí i, á sì bẹ́ ẹ jáde, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ọmọ SS tí ibà bá mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni káńfọ̀ funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ àti sínú ilé ìwẹ̀. Ó sún mọ́ ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín wa tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kò ní ààbò tó lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. G6PD ni wọ́n ń pe ohun tí kò tó lára wọn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbé ìkókó wá bá wa tí ojú rẹ̀ pọ́n kẹ̀ǹkẹ̀ bí òróró, tí wọ́n ní ibà pọ́njú ni, tí a bi ìyá léèrè tó sì ní aṣọ tí òun tọ́jú láti ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun yọ wọ̀ fún un, káńfọ̀ ṣì ń rùn lára rẹ̀. Oró anẹ́mónì kò tíì gbé ẹnì kankan wá bá mi ní gbogbo ọdún 31 yẹn. Bí káńfọ̀ bá wà nínú àpótí aṣọ yín, ẹ kó o jáde lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ G6PD ọmọkùnrin náà wò bí wọn kò bá tíì ṣe é.

Mo padà sí láàbù. Ibi tí iṣẹ́ ọmọ yín ti lè ṣe é léṣe jù ni ìgbà tí oró bá wà ní lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ, tó ń wọ̀n ọ́n. Atẹ́gùn díẹ̀ á gbé e, imú á fà á, ojú á gbà á. Kó bo imú, kó fi awò bo ojú, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má sì wọ̀n ọ́n lábẹ́ fáànù. Kó má fi abẹ́rẹ́ fa oró bí ìgò bá lè ṣe é, torí abẹ́rẹ́ lè ṣe ohun tí okùn anẹ́mónì ń ṣe, kó gbé oró kọjá awọ. Bí iṣẹ́ bá parí, kó da omi jíìkì sí ohun tó ṣẹ́kù kó tó dà á nù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ń bẹ̀rù ju oró yẹn lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun ni ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ ti ènìyàn ni wọ́n ń lò. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí a kò yẹ̀ wò, àrùn ẹ̀dọ̀ B lè wà níbẹ̀, HIV lè wà níbẹ̀, ìyẹn sì lè bá a délé, kì í ṣe bí oró. Ẹ bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B. Bí kò bá tíì gbà á, ìyẹn ni kí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ fún.

Bí wọ́n bá kó wọn lọ sí etí òkun, yálà Ìlàjẹ ni tàbí ibòmíràn, tí ẹran bẹ́ẹ̀ sì ta á, omi òkun ni kó fi ṣan ojú ibẹ̀. Kó má fi omi ẹ̀rọ ṣan án, torí omi tí kò ní iyọ̀ lè mú kí àwọn àpò tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ṣí. Kó fi ẹ̀mú yọ ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kó má fi iyanrìn ha á, kó má tọ̀ sí i, kó má da kẹrosíìnì sí i. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná tí awọ lè gbà láìjóni, fún bí ìdajì wákàtí, máa ń dín ìrora kù. Bí ètè rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ dúdú yẹn ni àmì pé hẹmoglóbìn ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń gba kíndìnrín jáde, ibà líle náà sì lè fà á. Bí ẹ bá rí i lára ọmọ SS yín lọ́jọ́kọ́jọ́, ẹ má dúró mọ́júmọ́.

Ẹ béèrè bóyá kó yí iṣẹ́ náà padà. Bí kò bá ní ikọ́ fée, tí edé kì í bá a jà, tí olùkọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí, èmi ò ní yí i padà bó bá jẹ́ ọmọ tèmi. Bó bá ní ọ̀kan nínú wọn, màá ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wọn lẹ́búlẹ́bú náà, kí òun máa ṣe èyí tó kù. N kò lè yẹ ara rẹ̀ wò láti inú lẹ́tà, dókítà tó bá fojú kàn án ló lè sọ èyí tó bá a mu. Ẹ ní kó mú túùbù méjì hàn yín lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò náà, èyí tí pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó di zobo, kó sì ṣàlàyé gàrí inú lailọ́ọ̀nù náà fún àbúrò rẹ̀.